Rọ́ṣíà Lórí Ọpọ́n Ayò Pròf

Òórùn òjé yíyọ́ ló máa ń ṣáájú àbúrò mi wọlé nígbà tó ṣì ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá. Bó bá ti kan géètì ilé wa ní Ìbà, imú ti mọ̀ pé òun ni. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ilé-iṣẹ́ kan ń wá oníṣẹ́ iná ní Rọ́ṣíà. Ó lọ. Oṣù kejì ló pè wá pé aṣọ ṣọ́jà ló wà lọ́rùn òun, pé òun ò lè ka èdè tí wọ́n fi kọ ìwé tí òun fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ yunifásítì kan, ọmọ Èkìtì, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Pròf la máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé ipò yẹn. Ọ̀sán Sánńdè lèmi àti ẹ̀ jọ máa ń ta ayò, ọ̀rọ̀ ogun Rọ́ṣíà ló sì máa ń fi tà á. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu ọkùnrin yẹn dùn! Mo gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Sánńdè kan báyìí, ó ti tó oṣù kan tí a ti gbọ́ ohùn àbúrò mi kẹ́yìn. Gbogbo ilé ló mọ̀, Pròf náà mọ̀. Ó ṣáà ń ta ayò ẹ̀ lọ.

"Ẹ má fojú ọdún kan wo Rọ́ṣíà," ó ní. "Àádọ́ta ọdún ni wọ́n ń wò. Ọ̀ta ni wọ́n, wọn kì í ṣe òpè nídìí ayò. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ jẹ ọmọ díẹ̀, kí odù tiwọn lè kún."

Èmi náà ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olúwa dárí jì mí, mo ń mirí!

Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè. "Ọmọ ta ni, Pròf?"

"Háà, Màmá, ọmọ ayò ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́ yín. Ọmọ ta ni?"

Ìgbà yẹn ni orí mi tó wálé. Mo fẹsẹ̀ gbá ọpọ́n dà nù. "Ọgbọ́n burúkú gbáà! Tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́, ṣé ẹ máa kà á mọ́ díẹ̀?" Ó ń bẹ̀ wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tí kò ní ẹni lójú ogun ló ń rí ọgbọ́n níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi ń gbèrò ọjọ́ iwájú.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ẹ, ìbínú yẹn ò mọ sórí Pròf nìkan. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣiyèméjì, èmi tí mo ti gbọ́ ìwàásù Pròf yó ni mo sọ fún un pé, "Lọ jàre, ìlú tó ń ronú jìnnà ni, o ò ní jìyà níbẹ̀." Màmá ò tíì bi mí rí pé ta ló ní kó lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí pé á bi mí.