Orin Atọ́bẹ̀wò

Òórùn ilé ìdáná ilé tí a gbé ní Egan kò tíì kúrò nímú mi: èéfín sítóòfù, ata tó jóná sídìí ìkòkò, àti omi ọṣẹ tí wọ́n ń dà sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ abọ́ tán. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró sì wà láàárín. Bí o bá gbé ọbẹ̀ kaná, tí o wọlé lọ mú iyọ̀, kí o yára padà o, nítorí ẹran máa ń dín nínú ìkòkò nílé yẹn. Kò sẹ́ni tó rí ẹni tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti ń fura sí obìnrin aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Wọn ò kàn tíì rí ẹnu sọ ọ́ ni. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Àgbàdo ni, oyún àkọ́bí mi sì ti ń wọ̀ mí lọ́rùn.

Ilé ìjọsìn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọrin. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi máa ń sọ pé Ọlọ́run tó dá ẹ̀rín kò kórìíra ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbà á gbọ́ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú ohùn orin tí gbogbo ìjọ mọ̀, tí n ó yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí n ó sì fi ẹ̀fẹ̀ nípa ilé tèmi rọ́pò rẹ̀. Orí fóònù ni mo ń gbà á sí, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀rín wọn ló ń mú ara mi yá lásìkò náà.

Ọkọ mi ló kàn lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí. Ọkùnrin náà kò lè rí ìkòkò lórí iná kó má tọ́ ọ wò. Mo mú ohùn orin ìdúpẹ́ kan tí a máa ń kọ nígbà ọrẹ, mo sì fi èyí sí i:

Ó lóun fẹ́ tọ́ ọ wò, bóyá iyọ̀ ti tó,
Ó tọ́ ọ, ó tún tọ́ ọ, ẹran ti tán!

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo ki orí bọ àárín àwọn ìró mi kí ohùn má baà máa dún padà, mo sì ti íápíìsì bọ etí. Etí mi nìkan ni ìlù àti dùùrù ti ń dún. Ẹsẹ tó ṣáájú, tó dárúkọ ọkọ mi, rọrùn, mo kọ ọ́ wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ibi "ẹran ti tán" ga, oyún kò sì jẹ́ kí èémí mi tó. Bí mo bá kọ ọ́, á já. N ó tún un kọ, á tún já. Òógùn bò mí, mo ṣáà ń kọ ọ́.

Ìwọ náà ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, o mọ bí wọ́n ṣe ń jà níbẹ̀. Wọn kì í bú ara wọn lójúkojú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló máa fi orin sọ ọ́, kò ní dárúkọ, ẹni tó ń bá wí á sì mọ ara rẹ̀. Ohun tí aránṣọ gbọ́ ní ti rẹ̀ nìyẹn: ohùn obìnrin kan, láìsí ìlù, láìsí dùùrù, tó ń pariwo "ẹran ti tán" láìdákẹ́ nínú yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ṣé èmi lò ń kọrin bú? Orin Ọlọ́run lo wá fi ń pè mí lólè?"

"Rárá mà, ọkọ mi ni mo ń bá ṣeré."

"Ọkọ rẹ tó ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀? Òun lò ń kọ ọ́ sí létí? Jọ̀ọ́, gbé irọ́ yẹn kúrò níbí jàre."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá a padà fún mi. Bó bá ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dúró níwájú ilẹ̀kùn mi, á máa kọrin pé ẹnì kan ò tíì bí, ó ti ń kọrin ìkómọ. O mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe rí létí aláboyún. N kò kí i mọ́. Mo ń ka Sáàmù láàárọ̀ lálẹ́, kì í sì í ṣe àwọn tó tutù ni mo ń yàn.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá bàbá onílé, arúgbó ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í fẹ́ ariwo. Bàbá pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi.

"Ẹni tó bá ń fi orin dá ìjà sílẹ̀ nílé mi," ó ní, "kó lọ bímọ síbòmíràn."

Ẹ̀rù bà mí. A kò mọ ibòmíràn tí a lè lọ pẹ̀lú ikùn tó tóbi báyẹn. Mo wò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ orin náà délẹ̀, tìlùtìlù, wọ́n á mọ̀ pé eré ni. Mo bá tẹ fóònù. Wọ́n gbọ́ orúkọ ọkọ mi kedere. Ọkọ mi pàápàá jókòó níbẹ̀, ó sorí kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi "ẹran ti tán", ẹ̀rín bú sílẹ̀ ní àgbàlá, kò sì sẹ́ni tó wo ọkọ mi. Aránṣọ ni gbogbo wọn yíjú sí. Obìnrin tó ń gbé yàrá ìparí bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń gbè é: "Ẹran ti tán o! Ẹ gbọ́ ṣá, ẹran ti tán!" Ẹ̀rín àwọn tó ti ń wá ẹnu láti ọjọ́ pípẹ́ ni, èmi ni mo sì yá wọn ní ẹnu.

"Ẹ dákẹ́!" ni bàbá kígbe. "Ta ni ẹ̀ ń wò?"

Bàbá ní kí n pa orin náà rẹ́ lójú gbogbo wọn, bí mo bá fẹ́ kí yàrá wa ṣì jẹ́ tiwa. Mo pa á rẹ́.

Aránṣọ dìde. "O ti pa á nínú fóònù," ó ní. "Ta ló máa wá pa á lẹ́nu àwọn wọ̀nyí?"

Kò sẹ́ni tó lè pa á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ọmọ ilé ti ń fi í fo okùn. Bí aránṣọ bá ṣí ìkòkò tirẹ̀ pàápàá, ẹnì kan á máa kùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kó lọ. Mo kí i nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, ẹran tún dín nínú ìkòkò mi. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní àgbàlá gbọ́, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Inú mi kò tíì yọ́ sí wọn títí di òní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, yàrá yẹn ni mo bí ọmọ mi sí ní àlàáfíà. Èmi kò bú obìnrin náà, n kò sì ní sọ pé mo bú u. Mo ṣì ń kọ orin ẹ̀fẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ṣùgbọ́n kí n tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́, mo máa ń ro àwọn tó máa gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n jókòó yí mi ká, mo sì máa ń bi ara mi pé, nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ta ni wọ́n máa yíjú wò? Mo ti kọ àwọn kan tó dùn ju ti ọkọ mi lọ, tí mo dá wọn kọ, tí mo dá wọn gbọ́, tí mo sì pa wọ́n rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn.