Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ẹní

Títí di òní, n kì í gun àkàbà. Bí òrùlé ilé wa bá ń jò, ẹlòmíràn ni mo máa ń bẹ̀ kó bá mi gùn ún. Adẹ́mu ni mí nígbà èwe mi, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kan, lóko wa lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, okùn igbà tí mo fi ń gun ọ̀pẹ já, mo sì bọ́ lulẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo wà láyé tí mo ń kọ èyí.

Kí n tó ṣubú ni èmi àti ọmọbìnrin kan láti ìdílé ọba nílùú Ìlá ti ń fẹ́ra wa. Olùkọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ń mu ẹmu mi dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ní ọmọ òun kò ní lọ máa fọ akèrègbè nílé adẹ́mu.

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun. Ó fi ègé ọparun di ẹsẹ̀ mi, ó tẹ́ mi sórí ẹní, ó ní n kò gbọ́dọ̀ jókòó. Ibẹ̀ ni ọmọ ọba yìí ti ń gbé oúnjẹ wá fún mi bí wọ́n bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó wá láti mú un lọ sílé. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀, arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tẹ̀ lé e wá.

"Dìde, ká máa lọ," bàbá rẹ̀ wí fún un.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Bí kò bá tiẹ̀ rìn mọ́, òun ni mo fẹ́ fẹ́."

"Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ nílé wa, gbalaja ló máa dọ̀bálẹ̀ fún wa. Èyí kò tiẹ̀ lè jókòó."

Ìyá àgbà wò mí. "Ṣé orí igi ló ṣì wà ni? Ilẹ̀ wo lo tún fẹ́ kó lọ?"

"Ìyá, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Àyà la fi ń dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ yí i nígbà náà."

Bàbá tó ń to egungun ní kò burú, bí a bá rọra ṣe é. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, wọn yóò mú un lọ. Mo ní kí wọ́n yí mi. Ọmọ ọba di orí mi mú, bàbá tó ń to egungun di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n sì dojú mi bolẹ̀. Mo kí àna mi láti orí ẹní.

Ní tiwa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dìde títí wọn yóò fi ní kó dìde. Ẹsẹ̀ ń ro mí, n kò sì mira.

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ o," ni ìyá àgbà wí. "Àbí o fẹ́ kó sùn síbẹ̀ fún ọ ni?"

Mo gbọ́ tí agbádá ń dún lẹ́bàá mi. Bàbá ọmọ ọba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ èjìká mi.

"Rọra," ó wí. "Má fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe agbára."

Òun àti bàbá tó ń to egungun yí mi padà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Fún un lóúnjẹ kó tó tutù."