Rọ̀kíbátù àti Ògiri Ilé Búrẹ́dì

Ní ọdún 1994, nígbà tí owó sẹ́fà já wálẹ̀ tí gbogbo nǹkan sì gbówó lórí ní Douala, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Rọ̀kíbátù. Agboolé kan náà ni a jọ ń gbé ní New Bell, yàrá tiwọn kọjú sí tiwa, ṣùgbọ́n a kì í rí wọn púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, àgádágodo ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ wọn máa ń wọlé, kí bàbá rẹ̀ lè kí ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á tún ti lọ.

Mùíbì ni orúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ Ìwó ni. Òun ló ń wa ọkọ̀. Àsàmáù ìyá rẹ̀ ló ń ta aṣọ: àǹkárá, ìborùn, àti léèsì díẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn oníbàárà kò wá mọ́, wọ́n kó ọjà náà sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń gbé e tọ àwọn ènìyàn lọ ní Edéa, ní Éséka, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín wọn. Ọdún kẹta tí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n Rọ̀kíbátù méjèèjì ti lọ sílé ọkọ ní Nàìjíríà, òun nìkan ló kù lọ́dọ̀ wọn. Ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí ènìyàn kò lè wà lójú ọ̀nà kí ó tún wà ní kíláàsì.

Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ Faransé ju ìkíni lọ, ìyá rẹ̀ kì í sì í sọ ọ́ rárá. Ní gbogbo ibi àyẹ̀wò, Mùíbì á na ìwé jáde lójú fèrèsé, Rọ̀kíbátù á tẹ̀ síwájú, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ṣẹ́ẹ̀fù." Ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun rẹ́rìn-ín àti ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́. Òun ló ń ka ìwé ìjọba fún wọn, òun ló sì ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí bàbá rẹ̀ bá ti wà ní mọ́ṣáláṣí, ó máa ń lọ dúró sí ṣọ́ọ̀bù François, ẹni tó ń ya pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn olóúnjẹ ní àdúgbò wa. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì kí François tó bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rí i pé ìka rẹ̀ ń tọ lẹ́tà nínú afẹ́fẹ́, ó bá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì. Ìlà tó fà kò mì.

"Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú báyìí?"

"Wàláà ni," Rọ̀kíbátù dáhùn. Ó ṣàlàyé pé ní ilé kéú àwọn, orí pátákó igi ni wọ́n ti máa ń fi tàdáwà kọ̀wé, àti pé bí ìlà bá ti wọ́, álífà á ní kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

François rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kí n kó gbogbo àwọn tó ń jẹ orúkọ ayàwòrán ní New Bell lọ bá álífà yín."

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbé ògiri ilé búrẹ́dì kan ní Logbaba fún François. Lẹ́tà tó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n fẹ́, àti obìnrin kan tó ru agbọ̀n búrẹ́dì. Ó sọ fún Rọ̀kíbátù pé ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. "Bí o bá wà níbẹ̀, ìwọ lo máa kọ lẹ́tà, mo sì máa gbà ọ́ sí ẹnu iṣẹ́. Bí o kò bá sí níbẹ̀, màá mú ẹlòmíràn. N kò lè kọ́ ẹni tó ń wá bí àlejò."

Jímọ̀ kọjá, Sátidé kọjá, kò rí ẹnu fi sọ ọ́ nílé. Ó sọ fún mi pé òun rò ó pé ní Edéa lòun máa sọ ọ́, kí òun sì wọ ọkọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ bébà ló kọ́kọ́ dé. Bébà ti wọ́n nígbà náà, nítorí náà ẹ̀yìn ìwé èyíkéyìí tó bá funfun ni Rọ̀kíbátù máa ń ya nǹkan sí. Ìyá rẹ̀ ní páànù bisikíìtì kan tí ó ń kó ìwé sí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kó àwọn tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àtijọ́ inú rẹ̀ fún un, ó ní, "Gbà, àwọn wọ̀nyí ti kú." Kò mọ̀ pé ìwé ìgbélùú Mùíbì wà láàárín wọn, èyí tí wọ́n fún un kí tuntun tó jáde. Àsàmáù fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ lápò aṣọ nígbà tó fẹ́ fọṣọ, tó sì kó o mọ́ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà. Rọ̀kíbátù lè kà á. Ṣùgbọ́n ojú tó funfun nìkan ló wò. Ó ya jandáámù kan, ọlọ́pàá ibi àyẹ̀wò, sí i, ikùn rẹ̀ yọ lórí bẹ́líìtì, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Nígbà tó yà á tán, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú páànù.

Ní ọjọ́ Àìkú, ní ibi àyẹ̀wò kan kí wọ́n tó dé Edéa, Mùíbì wá ìwé rẹ̀ nínú páànù, ó mọ̀ ọ́n nípa òǹtẹ̀ rẹ̀, ó sì nà án jáde. Jandáámù ọ̀dọ́ kan gbà á. Ó kà á, ó yí i padà, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni mo yà á, Ṣẹ́ẹ̀fù," ni Rọ̀kíbátù wí.

"N kò bèèrè ẹni tó yà á. Mo ní ta ni?" Ó pe ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ igi. "Ọ̀gá, ẹ wá wo ara yín."

Ọkùnrin tó sanra náà dé, ó wò ó pẹ́. "Ikùn mi kò tó báyìí," ló wí. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn. Yíǹkì ti wọ inú rẹ̀ lọ bá òǹtẹ̀. Ó ní ìwé tí wọ́n bà jẹ́ kì í ṣe ìwé mọ́. Kí wọ́n mú ẹ̀dà rẹ̀ wá, títí dìgbà náà ọkọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀dà wà ní Douala, lọ́wọ́ Màmá Sìkírátù, onílé wa. Mùíbì kò lè lọ, ẹrù kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Kò bú ọmọ rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju, "Ìwọ tó ń kàwé fún wa."

Nígbà tí Rọ̀kíbátù fi dé New Bell, Màmá Sìkírátù ti lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Japoma. Ìgbà tó padà dé, kò sí ọkọ̀ mọ́. Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Rọ̀kíbátù tó mú ẹ̀dà ìwé náà jáde, ọ̀nà tó máa gbà sì kọjá ní Logbaba. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri. "O dé," ni François wí, ó ju ẹnu okùn kan sí i, okùn tí wọ́n ti fi èédú kùn. Wọ́n fà á le, François ta á, ìlà gígùn kan yọ lára ògiri. Wọ́n ta èkejì. Ìgbà yẹn ni Rọ̀kíbátù tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Bàbá rẹ wà lójú ọ̀nà láti àná, o wá ń bá mi fa okùn?" ni François wí. "Lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè dá iṣẹ́ dúró o."

Nígbà tó dé ibi àyẹ̀wò, oòrùn ti wà ní àárín ọ̀run. Ìyá rẹ̀ ti tẹ́ àǹkárá sórí iwájú ọkọ̀, ìyàwó jandáámù kan ń yẹ̀ ẹ́ wò. Faransé ni Àsàmáù ń bá a sọ. Kò tọ́ tán, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń dá a lóhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó sanra gba ẹ̀dà ìwé, ó wò ó fìrí, ó dá a padà.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá rẹ lẹ́jọ́ jù. Ó ní ìwọ ni àwọn ń dúró dè."

Rọ̀kíbátù yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́ Faransé?"

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ṣé etí mi di ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ kì í sọ ọ́?"

"O sọ ọ́ jù mí lọ. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọ."

Rọ̀kíbátù sọ fún mi pé inú kọ́kọ́ bí òun, nítorí gbogbo ìgbà tí òun kò lè sọ ti François, ohun tí òun ń rò ni pé wọn kò ní lè kọjá ibi àyẹ̀wò bí òun kò bá sí níbẹ̀. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ògiri, lẹ́tà, iṣẹ́.

"Níbo lo máa sùn?" Mùíbì bèèrè.

"Lọ́dọ̀ Màmá Sìkírátù."

"Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Bàbá Rọ̀kí, ọjà Éséka ń lọ o," ni Àsàmáù wí, ó ń ká aṣọ.

Mùíbì wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Rọ̀kíbátù rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó di ilẹ̀kùn mú láti wọlé. Bàbá rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ gba ojú fèrèsé fún un. "Ọjọ́bọ̀. Kí n bá ọ nílé." Àsàmáù gbé ìdì aṣọ kan sí àyè rẹ̀ lórí ìjókòó, wọ́n sì lọ.

Nígbà tó tún fi dé Logbaba, Bíọ́dún, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ló wà lórí àkàbà. Ó ti kun lẹ́tà ńlá méjì.

"Mo ti gba ẹnì kan," ni François wí.

"Mo rí i."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ."

François wo báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìlà kan ṣì wà nísàlẹ̀, lẹ́tà kéékèèké tó máa sọ ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ọ́, nítorí ìkúnlẹ̀ ni. Rọ̀kíbátù tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e.

Mo wà lágbàlá ní Ọjọ́bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn wọlé. Mùíbì wo èékánná ọmọ rẹ̀, aláwọ̀ búlúù ni gbogbo wọn.

"Wọ́n ti gbà ọ́?"

"Wọn kò tíì gbà mí. Wọ́n ní kí n máa bọ̀."

"Kí lò ń jẹ lọ́sàn-án?"

"Wọ́n ń fún wa ní búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì lásán," ni Mùíbì wí, ó sì pe ìyàwó rẹ̀, tí ó ti ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ Éséka kaná.