Ẹni Tó Dé Fìlà Baba Onílé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń sùn sí ẹsẹ̀ ìyá mi lórí ẹní, ọkùnrin ahunṣọ kan wà ní agboolé tó tẹ̀ lé tiwa. Ó kú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mo wà níbẹ̀, mo rí i nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀ bò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni alájàpá kan ti ìdálẹ̀ dé, tó ní òun rí ahunṣọ náà ní ìlú kan lápá òkè. Ó ní ó jókòó sídìí òfì, ara rẹ̀ dá ṣáká, ó sì ń hun aṣọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má tíì gbọ́ àkúdàáyà rí. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ ni, tó wá lọ ń lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kìlọ̀ fún wa dáadáa. Ó ní bí a bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ká wò ó, ká kọjá lọ, ká má ṣe pè é. Bí ará ilé rẹ̀ bá ti wá a lọ, tàbí tó fi oríkì pè é báyìí, kò ní dúró níbẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá a tì.

Ìyàwó ahunṣọ náà kò lè fara dà á. Ó di ẹrù, ó wá ọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní òun bá ilé, òun bá òfì, aṣọ tí kò tíì parí ṣì wà lórí òfì, ọbẹ̀ sì ń hó lórí iná, ṣùgbọ́n òun kò bá ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ náà, etí ọ̀nà ni obìnrin yìí ń jókòó sí. Bí èèyàn bá ń kọjá, á di àgbọ̀n onítọ̀hún mú, á yí ojú rẹ̀ síbi tí oòrùn wà, á wò ó, á sì fi í sílẹ̀. Ó ṣe é fún mi rí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ìkòkò omi.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lọ́kàn mi. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo sin ọkọ. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá wá ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Mpape la ń gbé, lórí òkè níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí wọ́n bá yin òkúta lọ́sàn-án, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́.

Nítorí pé àwa la ní jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé fọkàn tán, pálọ̀ wa ni gbogbo ilé máa ń pé sí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti wo eré apanilẹ́rìn-ín kan. Baba onílé kan ló wà nínú eré náà, ahun paraku, tó máa ń dé fìlà pupa kan tí etí rẹ̀ ti bó. Gbogbo wa la fẹ́ràn bàbá yẹn. Bó bá ti yọ fìlà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, fìlà náà wọlé, ṣùgbọ́n orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe orí tí a mọ̀.

A kọ́kọ́ rò pé àlejò ni. Ìyàwó inú eré náà kúnlẹ̀ kí i, ó sì pè é ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo lo ti wá.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́nu géètì wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta lèyí? Ẹ sọ fún un kó bọ́ fìlà onífìlà sílẹ̀."

Ìyàwó onítáyà náà ní, "Ìwọ wo obìnrin yẹn. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ń gbé oúnjẹ fún ọkùnrin tí kò rí rí."

Ọkùnrin Haúsá tó ń ta omi fún wa, tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Kai, Màmá," ó ní, "ṣé ti àkọ́kọ́ kú ni?"

"Kò kú," ọmọ mi dáhùn. "Òun àti àwọn tó ni eré náà ni kò gbọ́ra wọn yé. Wọ́n sì ti gba ẹlòmíràn."

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà," onítáyà ní. "Kí wọ́n ní ó rìnrìn àjò, kí wọ́n ní àìsàn ń ṣe é. A kì í mú baálé jáde lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ká mú òmíràn wọlé lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ká wá ní òun náà ni."

Lórí fóònù ọmọ mi, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn. Wọ́n bú ọkùnrin náà, wọ́n bú fìlà, wọ́n ní àwọn kò wò ó mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bú u. Aránṣọ ni, obìnrin Ọ̀yọ́ tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ní páàkì Jabi kó tó kú sójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní ọdún tó kọjá. Obìnrin náà ń wo tẹlifíṣàn láìṣẹ́jú. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ọkùnrin inú eré fọwọ́. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, kò jẹ ẹ́. Ó fi í sí etí abọ́, ó wá bu òmíràn.

Mo yíjú sí aránṣọ. Ó ti ń wò mí. Ọkọ rẹ̀ máa ń jẹun ní pálọ̀ wa bó bá ti ìrìn àjò dé tí ìyàwó rẹ̀ wà lọ́jà. Ojú wọn kò jọra, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí a bá bi í, á ní ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Láti ìgbà náà, aránṣọ ni yóò kọ́kọ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, tòun ti tìróò lójú. Ilẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn ló ń jókòó sí. Aṣọ àwọn oníbàárà ga jọ sórí máṣíìnì rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń jẹun lọ́dọ̀ wa, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, mo ń lọ sí Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe eré yẹn. Mo ti bá àwọn ará páàkì sọ̀rọ̀. Ìdájí Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ń gbéra."

"Ìwọ fúnra rẹ lo bu erùpẹ̀ sí i."

"Èmi ni. Ẹ rí òkèlè náà, àbí ẹ kò rí i?"

"Mo rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ya òkèlè sọ́tọ̀."

"Ta lẹ tún mọ̀?"

N kò mọ ẹlòmíràn. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo wá sọ ti ìyàwó ahunṣọ fún un, títí dórí ọwọ́ tó tutù.

"Ẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà mí ni," ó ní.

"Rárá. Ọmọ rẹ ni mò ń rò. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọlé ìwé, ta ni yóò di irun rẹ̀?"

Ó dìde, ó padà sí yàrá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ dání wá, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn tó bú ọkùnrin yẹn tẹ́lẹ̀ ti ń bá a rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń mọ̀ ọ́n ṣe," onítáyà ní. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí ní nǹkan ju èébú lọ, nítorí kò sẹ́ni tó rántí bàbá àkọ́kọ́ mọ́.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún un nínú eré. Ó fọwọ́. Ó fi òkèlè àkọ́kọ́ sí etí abọ́. Aránṣọ wá kúnlẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ kí ọkọ láàárọ̀, ó sì ki ọkọ rẹ̀. N kò ní kọ oríkì náà síbí. Kò pariwo, ó rọra ń kì í ni, títí ó fi kan orílẹ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ ọkùnrin inú tẹlifíṣàn dúró. Ìyàwó inú eré ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti ìta, ojú rẹ̀ sì wá ibi tí a wà.

Àwòrán náà gan pa bó ṣe máa ń ṣe bí òjò bá ṣú. "Òjò dé," onítáyà ní. Mo yọjú wo ìta. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Nígbà tí àwòrán padà dé, ìyàwó náà nìkan ló jókòó ti abọ́. Ẹ̀rín àwọn tí a kì í rí, tó máa ń dún nínú eré, ṣì ń dún.

"Ó ti gbọ́," aránṣọ ní. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, fìlà pupa wọlé pẹ̀lú orí mìíràn. Wọ́n kúnlẹ̀ kí òun náà, wọ́n sì pè é ní orúkọ kan náà. Ọmọ mi ní èkejì ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Olómi tẹ́tí díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kéègì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Òkèlè àkọ́kọ́ ni baba onílé kẹta yìí gbé mì.

Aránṣọ kò wá. Mo lọ bá a nílé. Ó ti di irun ọmọ rẹ̀ ní ṣùkú, ó ń lọ aṣọ.

"Ṣé o mọ̀ pé yóò lọ?" mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, Màmá. Bí mo bá lọ sí Èkó, ọbẹ̀ tó ń hó ni n óò bá. Ó sàn kí n dágbére fún un níbí."

Ayé ti yí. Nígbà tiwa, òkú a máa jìnnà síni, alájàpá ló ń mú ìròyìn wọn wá. Nísinsìnyí, inú pálọ̀ ẹni ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ̀yin ọmọ á bínú pé wọ́n pààrọ̀ òṣèré, ẹ á kọ ọ́ sórí fóònù, kó tó pẹ́, ẹ á ti gbàgbé ojú ẹni tó lọ. Èmi kì í bínú. Bí wọ́n bá ti fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kan, mo máa ń ní kí ọmọ mi bá mi mú awò ojú mi wá. Mo máa ń wo bí onítọ̀hún ṣe ń jókòó, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Oríkì ọkọ mi á dé ètè mi, n óò sì pa ẹnu mọ́.