Okùn Káfíńtà àti Gbọ̀ngàn Orí Òkè

Àwọn tí mo kọ́ níwèé máa ń sọ pé àìlajú ló mú kí àwọn àgbà Ìbàdàn sá fún gbọ̀ngàn orí òkè Mápó nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Mo máa ń rọra tọ́ wọn sọ́nà. Ìfura ni, ìfura náà sì nídìí.

Ní ìgboro wa nígbà náà, kò sí agbo ilé tí kò ní olóògbé tirẹ̀ tí wọ́n sin sínú ilé. Bàbá ńlá wà nínú yàrá, ìyá ńlá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ sì ń tẹ́ ẹní sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé òyìnbó yìí ga ju gbogbo ilé lọ, kò ní ààrò, ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀. Wọ́n ní ìpàdé ni wọ́n máa fi ṣe, wọ́n tún ní ijó, orin, àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ilé tó wà fún gbogbo nǹkan tí kò sì ní onílé, ó ń fu ènìyàn lára.

Ọ̀dọ́ olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé ìwé ìjọ kan ní Bẹẹrẹ. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí àwọn ọmọ wa wá kọrin ní gbọ̀ngàn náà. Ọmọbìnrin kan láti ilé mùsùlùmí ní Ìsàlẹ̀ Òsì ló máa dá orin náà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Òun ló jà títí àwọn bàbá ilé fi gbà kí ọmọ náà kàwé.

Kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè hàn, a bẹ káfíńtà kan ní Ọjà'ba kó kan àtẹ̀gùn onípákó tí wọn yóò dúró lé. Ó fi okùn wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń ta kókó sí i. Ohun tí àwa olùkọ́ kò rò ni pé òun kan náà ló ń kan pósí fún àwọn onígbàgbọ́ àdúgbò. Òkú nìkan ni wọ́n ti ń rí i tó ń wọ̀n bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà kò wá. Mo lọ sílé wọn, mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí bóyá ìyá mi mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Ìyàwó ilé kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri.

"Tíṣà," ó ní, "gbogbo ilé ló ní ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Ta ni wọ́n máa sin sí tòyìnbó yẹn?"

"Ìyá, kò sí ẹnì kankan."

"Kí ló wá dé tí onípósí fi ń wọn ọmọ mi?"

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìdí tí Ajẹ́lẹ̀ fi bèèrè ọmọdé, nígbà tí ìjọ ní àgbà akọrin.

Ìyá àgbà ní bí ọmọ òun yóò bá padà, kí káfíńtà wá tú kókó rẹ̀ lójú òun, kó sì fi okùn kan náà wọ̀n mí. Káfíńtà wá, ó ń kùn. Ó tú kókó náà. Nígbà tó na okùn sí mi lẹ́yìn, àwọn ìyàwó ilé jáde wá wòran. Òógùn bò mí. Ìyá àgbà kò wo okùn, ojú mi ló ń wò.

"Ẹ̀rù ń bà á," ó sọ fún àwọn ìyàwó ilé. "Kò mọ̀dí ẹ̀. Bó bá jẹ́ ara àwọn tó fẹ́ sin ọmọ ni, ẹ̀rù ò ní bà á."

Ó gbà kí ọmọ lọ, ṣùgbọ́n òun yóò tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ orin náà, ó kọ àga tí a fún un. Ìdí àtẹ̀gùn ló dúró sí, níwájú Ajẹ́lẹ̀ gan-an. Akọ̀wé kan sáré wá.

"Ìyá, ẹ ń dí wọn lójú."

"Kí wọ́n fetí gbọ́ ọ. Orin ni."

Ọmọ náà dá orin, ohùn rẹ̀ kún gbogbo gbọ̀ngàn. Àtẹ́wọ́ kò tíì parí tí ìyá àgbà fi fà á sọ̀kalẹ̀, tó sì mú un jáde láàárín èrò. Orin ṣì kù nílẹ̀. A kọ ìyókù láìsí i. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà dé ilé ìwé kí agogo tó dún.