Ipa Ọ́ìlì Lábẹ́ Apá Bàálù

Bí ẹ bá wọ ilé wa láti ojú títì, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa kọ́kọ́ dé. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi: máṣíìnì méjì, tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, dígí kan tó ti sán nígun, àti aṣọ àwọn oníbàárà tó ní àwọn ń bọ̀ lọ́la láti ọdún tó kọjá. Yàrá ẹ̀yìn ni ti àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàù o. Bí atẹ́gùn bá gbé táyà tí kò tó hóró ẹ̀wà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, gbogbo wa la máa fi orúnkún wọ́lẹ̀ wá a, tòun ti oníbàárà tó wá wọn aṣọ.

Bàbá Bàálù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn dàgbà, nítorí náà orúkọ tó bá wù mí ni mò ń pè é. Iṣẹ́ ológun òfuurufú ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe awakọ̀ o. Mẹkáníìkì ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń tún bàálù ṣe nílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbé e lọ sókè. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ mi ló kó ẹrù rẹ̀ wá: àpótí kan, bàtà méjì, àti ìbínú tó tóbi ju àpótí náà lọ.

Kò pẹ́ tó dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàálù kéékèèké. Páálí àti agolo ló fi kọ́ àkọ́kọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní, "Ọmọdé ń ṣeré, àgbà ń ṣeré, ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí?" Ó kàn ń gé páálí rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ń ra èyí tí wọ́n to ẹ̀yà ara rẹ̀ sínú páálí, tí ẹni tó rà á máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjìléláàádọ́rin lára bàálù gidi, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ni lórí tábìlì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Á fi abẹ gé e, á fi sáńpépà ha á, á fi ẹ̀mú tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú gbé ilẹ̀kùn tó kéré ju èékánná mi lọ síbi tó yẹ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n bó bá gbé ife tíì, kì í gbọ̀n nídìí iṣẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ́ bàálù kan, ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, "Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ wo bíi ti báwo, Bàbá?"

"Bàálù kì í rí bákan náà lọ́jọ́ méjì. Lónìí táyà rẹ̀ ti jẹ, lọ́la ẹrẹ̀ á wà nídìí rẹ̀, lọ́tùnla àwọn tó ń kó ẹrù á ti ha ilẹ̀kùn rẹ̀. Èwo nínú rẹ̀ lo fẹ́?"

Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ń kọ́ bàálù bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, irọ́ ló ń kọ́. Á kun bàálù tán, á dán gbinrin, inú mi á dùn sí i, àfi kó mú èédú lílọ̀ àti dúdú inú pẹ́ńsùlù, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èérí kùn ún. Èmi tí mò ń bẹ oníbàárà kí wọ́n má fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan aṣọ funfun! Ó ń dùn mí dé egungun. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Bí Bàbá Bàálù bá kọ́ ọ, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Bí bàálù bá ti sú u, rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́, àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá àti àwọn tí kò tíì lọ ibì kankan rí. Ìyẹn ni ọ̀tá mi. Ìdérí ìgò, ọ̀pá bírò, bọ́bìnnì tí mò ń ká òwú sí, kò sí èyí tí kò lè gbéra lọ sókè. Mo wá bọ́bìnnì mẹ́rin títí lọ́jọ́ kan, ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ti bá wọn, ó ti kùn wọ́n ní dúdú, ó ní ibẹ̀ ni iná ń gbà jáde. Mo bú u, ó sì rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í ṣe. Mo wá ṣàkíyèsí pé funfun báláú ni gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kì í fi èérí kàn wọ́n. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àwọn yẹn, mi ò mọ ẹni tó wọ̀ wọ́n."

Ọjọ́ yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín fún mi.

Awakọ̀ bàálù ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé bí ọ̀gá bá ń bú u, ẹ̀rín ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàálù tí Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ fi kó àwọn ọmọ ogun lọ ń jo ọ́ìlì. Àbúrò mi rí i: ó ń sun láti ẹ́ńjìnnì apá òsì, ó gba abẹ́ apá lọ sẹ́yìn, dúdú, ó gùn. Ó lọ bá ọ̀gá tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá Kíá ni wọ́n ń pe ìyẹn lábẹ́lẹ̀, nítorí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju "kíá, kíá" lọ. Àbúrò mi ní bàálù yìí ò gbọdọ̀ gbéra. Ọ̀gá Kíá ní, "Ṣé ọ́ìlì ló máa dá ogun dúró ni?"

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé mẹkáníìkì tó ń tọ́jú bàálù ló máa dúró níwájú rẹ̀, tó máa na àtàǹpàkò sókè sí awakọ̀, kí wọ́n tó yọ igi tí wọ́n fi há táyà. Bí kò bá nà án, bàálù ò lọ. Àbúrò mi kò nà án. Ọ̀gá Kíá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí mẹkáníìkì mìíràn nà án. Ẹlẹ́rìn-ín rí gbogbo rẹ̀ látinú bàálù. Àṣẹ ni àṣẹ. Ó juwọ́ sí àbúrò mi, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ẹ̀yìn òkè kan ni bàálù náà já sí, kò sẹ́ni tó yè nínú wọn.

Àwọn tó ṣèwádìí ní àṣìṣe awakọ̀ ni. Wọ́n ní kò fara balẹ̀, wọ́n ní ó ti ń ṣeré jù láti ilẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n sọ di ẹ̀rí mọ́ ọn lọ́rùn! Àbúrò mi sọ ohun tó rí, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé e kúrò nídìí bàálù lọ síbi tí wọ́n ń kó kúbùsù sí. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá ológun kan fi yà sílé wa. Ó ní àwọn ń kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí fún àwọn ọmọ ogun tó kú, àwọn sì fẹ́ kí Bàbá kọ́ bàálù tó já lẹ́yìn òkè yẹn, kí wọ́n gbé e sínú dígí. Ọ̀gá Kíá, tó ti di olórí gbogbo wọn, ló máa wá ṣí i.

Àbúrò mi bi í pé, "Ọjọ́ wo?"

Ọ̀dọ́mọdé náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọjọ́ tó já náà ni, Bàbá. Ọjọ́ wo tún ni?"

Bó ṣe jáde tán, àbúrò mi jókòó sórí àga oníbàárà, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́."

Kò ṣe nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn ju bàálù náà lọ. Kò rántí rọ́kẹ́ẹ̀tì, kò rántí oúnjẹ. Nígbà tó kan ọ́ìlì, ó po ọ̀dà dúdú mọ́ ti àwọ̀ ilẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ò ju ẹyọ mélòó kan lọ fà á, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ́ńjìnnì gba abẹ́ apá lọ sẹ́yìn. Ó pa á rẹ́, ó tún fà á. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pè mí.

"Ẹ wo ibí yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí bàálù rí, bó bá rí ipa yìí, á mọ̀ pé kò yẹ kó gbéra. Mi ò ní la ẹnu mi. Wọ́n á rí i, Ẹlẹ́rìn-ín á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn."

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo rò pé ayé yìí ṣì máa san gbèsè kan kí n tó kú.

Ó ní ìyàwó Ẹlẹ́rìn-ín ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà wá, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Àbúrò mi gbé bàálù síwájú rẹ̀, ó fi ipa ọ́ìlì hàn án, ó ṣàlàyé. Mo ń retí kó bú sẹ́kún tàbí kó gbàdúrà fún un. Ó kàn ń wo ibẹ̀ ni, ó wá sọ pé, "Ẹ bá mi nù ún kúrò."

"Kí lo wí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ẹ nù ún. Ọmọ mi ti wà nínú iṣẹ́ yẹn. Awakọ̀ lòun náà fẹ́ jẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sọ bóyá wọ́n á gbé bàálù fún un, Ọ̀gá Kíá ló sì máa fọwọ́ sí i. Bó bá dé gbọ̀ngàn, tó rí èyí, ta lẹ rò pé ó máa fìyà jẹ?"

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ọkọ rẹ ni wọ́n ń purọ́ mọ́ níbẹ̀! Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Kò mọ̀, Màmá. Ohun tí wọ́n kọ ló mọ̀. Bí mo bá sọ fún un, á lọ bá wọn jà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti sin ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí n pàdánù èkejì nítorí ọ̀dà." Ó kúnlẹ̀ síwájú àbúrò mi.

Mo fẹ́ lé e jáde. Èmi ni mo nílé, mo lè lé e. Àbúrò mi ló na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Ó gbé obìnrin náà dìde, ó ní kí n fún òun ní àkísà funfun àti tínà tí òun fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo gé e lára aṣọ tó ṣẹ́kù nílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ sínú tínà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Nígbà tí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó tún gbogbo apá rẹ̀ kùn. Bàálù náà wá ń dán bí ìkòkò tuntun. Obìnrin yẹn dúpẹ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò tíì dárí jì í títí dòní, mi ò sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, wọ́n fún wa ní àga lẹ́yìn. Ọ̀gá Kíá ti darúgbó, ikùn rẹ̀ ti yọ. Ó wo bàálù inú dígí náà yípo, ó kan sáárá sí i. Kí ló máa ṣe tí kò ní kan sáárá? Orúkọ àwọn tó kú wà lára ògiri. Ti Ẹlẹ́rìn-ín ló gbẹ̀yìn, òun tó jẹ́ awakọ̀ wọn.

Nígbà tí èrò fọ́n ká, ọmọ rẹ̀ wá bá wa nínú aṣọ ológun. Ó jọ bàbá rẹ̀, àbúrò mi ní àfi ẹ̀rín nìkan. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó wá kọjú sí dígí.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tọ́jú bàálù yìí nígbà náà, àbí, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Gbogbo èèyàn ló sọ fún mi pé ẹ kì í kọ́ bàálù àfi bó ṣe rí gan-an. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ó ní nǹkan tó ṣe bàálù náà, bóyá wọ́n parọ́ mọ́ bàbá mi. Ìdí tí mo fi wọ iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bó ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyí?"

Mo wo ìyá rẹ̀. Ó ti pa ojú dé. Àbúrò mi gbé ọwọ́ lé dígí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bó ṣe rí nìyẹn."

Ọmọ náà mi orí. Ó tún wo abẹ́ apá bàálù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, apá òsì gan-an, funfun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ní, "A jẹ́ pé bàbá mi ló pa wọ́n." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.