Aṣọ Pupa Bàbá Yíká

Ká tó fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wakọ̀ yí ọgbà ká níṣojú bàbá kan. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pè é ní Bàbá Yíká. Èmi tí mo jókòó nídìí káńtà ni wọ́n ń bú nítorí rẹ̀, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, kì í fẹ́ yí nǹkan kan ká. Wọ́n á ní àwọn ti ń wakọ̀ tipẹ́. Bàbá á ní, "Mo gbọ́. Ẹ yíká."

Mọ́tò ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì là ń háyà fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà wakọ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ òsì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà nílé. Bàbá á so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, á ní, "Ọwọ́ tó ní aṣọ yìí ni kó máa wà létí títì." Bí wọ́n bá dá mọ́tò padà, á tú aṣọ náà, á fi kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Síbẹ̀, ká sòótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn àbúrò bàbá mi méjèèjì lọ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan fa àpótí wọlé, ó ní òun ti sanwó mọ́tò láti ọ̀hún. Kí n tó dáhùn, Bàbá ti ju korobá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ti pẹ́ lókè òkun. Ìyá Bàbá, tó tọ́ ọmọ náà dàgbà, ló ń ṣàìsàn, lọmọ bá ní òun á fúnra òun wakọ̀ lọ wò ó. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, èmi náà bá wọn sun ún, bẹ́ẹ̀ n kò bá wọn tan.

Ẹkún gbẹ tán, Bàbá ní, "Ó yá, yíká."

"Dádì, èmi náà?"

"Ìwọ náà."

Mo na aṣọ pupa sí Bàbá, ó bá fi ojú lé mi padà. "Àlejò là ń so aṣọ fún. Ṣé ọmọ mi ni àlejò?"

Ọmọ ṣíná mọ́tò, ó dé kọ́nà, ó gba òsì. Bàbá dá a dúró. Ó tún un ṣe, òsì náà ló tún gbà, díẹ̀ ló kù kó kọ lu dúrọ́ọ̀mù omi.

"Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní mọ́tò!"

"Mo kọ́ ẹ. Ibi tó o lọ ló tún ẹ kọ́."

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ lára mọ́tò, ó dì í mọ́wọ́ pinpin. Òun fúnra rẹ̀ kò lè wà á lọ, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́. Bó bá sì fún un, ẹ̀rù jàǹbá ń bà á. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba aṣọ pupa lọ́wọ́ mi, ó na ọwọ́ sí Bàbá. "Ẹ so ó fún mi, Dádì. Màmá àgbà ń retí wa."

Bàbá so ó, kókó rẹ̀ tú. Mo fẹ́ bá a so ó, ó gbá mi lọ́wọ́ dànù. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ yíká láìṣì. Bàbá jókòó tì í, ó ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi jáde ní géètì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dé. Ara màmá ti ń yá. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ máa wọkọ̀ òfurufú padà. Bàbá tú aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Yíká."

Ó yíká láìsí aṣọ lọ́wọ́. Gbogbo kọ́nà, ọ̀tún ló gbà. Bàbá kọjú sógiri, ó ń nu ojú.

Mo nawọ́ gba aṣọ kí n lè fi kọ́. Ó ká a, ó tì í bọ àpò àyà.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ti àlejò."